Kí Ẹ Tó Sọ Pé Ètò Yín Ṣiṣẹ́: Bí A Ṣe Ń Yan Ìlànà Ìwádìí fún Ètò Ìyípadà Ìwà

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe ètò láti yí ìwà ènìyàn padà ni ó máa ń kọsẹ̀ níbì kan náà. Wọn yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn yóò ka iye ọmọ tí ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ bí wọ́n bá ti ilé ìyàgbẹ́ jáde, wọn yóò gbé garawa omi àti ọṣẹ kalẹ̀, wọn yóò kọ́ àwọn ọmọ lórin, wọn yóò sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láti tún kà. Iye náà yóò ti lọ sókè, inú gbogbo ènìyàn yóò dùn, a ó sì kọ ìròyìn. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ ìpàdé, ẹnì kan yóò dìde béèrè pé, "Báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé ètò yín ni ó fà á?" Kẹ́kẹ́ á sì pa.

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kì í sí nínú ìṣirò tí a ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Inú ìlànà tí a yàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ó wà. Ètò ìfọwọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ẹni tí ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa sùn nínú àpò ẹ̀fọn, tàbí kí àwọn ọlọ́kadà máa dé akoto, yóò tọ̀.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́

- Orúkọ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ètò náà lè dé, pẹ̀lú iye ọmọ tó wà níbẹ̀, àti bóyá omi wà níbẹ̀ tàbí kò sí.
- Kàlẹ́ńdà sáà ẹ̀kọ́, tí ọjọ́ ìdánwò, ọjọ́ ìsinmi àti ètò ìlera tí àwọn ẹlòmíràn fẹ́ ṣe ní agbègbè náà wà lórí rẹ̀.
- Ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́kọ́ gba ètò. Ẹ tètè rí i kí ó tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìlérí kan ṣoṣo lè ba ìlànà tó dára jù lọ jẹ́.
- Ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí. Ní Nàìjíríà, òfin ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera tí NHREC, ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí, gbé jáde ní 2007 ni wọn yóò fi yẹ iṣẹ́ yín wò. Ẹ kò lè padà lọ gba àṣẹ yìí lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí.
- Onímọ̀ ìṣirò kan, tí ẹ ó pè nísinsin yìí. Bí ẹ bá pè é nígbà tí ìwé àkọsílẹ̀ bá kún, kò sí ohun tó lè ṣe ju kí ó kẹ́dùn pẹ̀lú yín.
- Owó ìwọ̀n tí a yà sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọṣẹ àti garawa.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ sọ ìwà náà di ohun tí ojú lè rí

"Ìmọ́tótó àwọn ọmọ yóò dára sí i" kì í ṣe ohun tí a lè kà. Ohun tí a lè kà ni pé ọmọ jáde ní ilé ìyàgbẹ́, ó dé ìdí garawa kí ó tó padà sí kíláàsì, ó fi ọṣẹ pa ọwọ́ méjèèjì, ó sì fi omi ṣàn án. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìbéèrè yín ní gbólóhùn kan tí ìfiwéra wà nínú rẹ̀: "Ní òpin sáà kejì, ṣé ìdá àwọn ọmọ tí ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́ pọ̀ ju bí ìbá ti rí lọ, ká ní a kò gbé ètò yìí wá?" Ọ̀rọ̀ méjì-mẹ́ta yẹn, "bí ìbá ti rí," ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé. Kò sí ẹni tí ó lè rí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà pẹ̀lú ètò àti láìsí ètò ní àkókò kan náà, nítorí náà ìlànà ìwádìí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀nà kan láti wá ohun tí yóò dúró fún èyí tí a kò lè rí.

*Ẹ ṣọ́ra:* Ẹ má ṣe fi ìmọ̀ rọ́pò ìwà. Ọmọ tí ó lè ka àǹfààní ọṣẹ lórí láìdánudúró lè jáde ní ilé ìyàgbẹ́ kí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ garawa kọjá.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì dúró síbì kan náà, kí wọ́n wo ogún ọmọ, kí oníkálukú sì kọ tirẹ̀ láìwo ti ẹnìkejì. Bí wọn kò bá fẹnu kò lórí ọmọ tó ju méjì lọ, àpèjúwe ìwà náà kò tíì yé ènìyàn tó. Ẹ tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan ìwọ̀n tí kì í fi ara rẹ̀ yí ìwà padà

Ní Bangladesh, àwọn olùwádìí kan fi ẹ̀rọ kékeré tí ń ṣàkọsílẹ̀ ìgbà tí ọṣẹ bá mira sínú ọṣẹ tí wọ́n pín fún àwọn agbo ilé, wọ́n sì wá rán ẹni tí yóò jókòó wo bí wọ́n ti ń fọ ọwọ́. Ní ọjọ́ tí olùwòye wà nílé, iye ìgbà tí ọṣẹ mira fi nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Ìyẹn ni pé àlejò lásán, tí kò wàásù tí kò sì pín nǹkan kan, ti yí ìwà padà.

Ẹ kò lè mú èyí kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ lè dín in kù. Ẹ jẹ́ kí olùwòye lọ ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ má sì lo iye ọjọ́ kìíní. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba ètò àti èyí tí kò gbà, bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ wá fi ìwọ̀n kejì tì í lẹ́yìn, irú bíi kí a wọn ọṣẹ ní òwúrọ̀ àti ní ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá pa. Ẹ rántí pé ọṣẹ tí ó bá ẹnì kan lọ sílé náà máa ń dín kù lórí òṣùwọ̀n, nítorí náà ìwọ̀n ọṣẹ nìkan kò tó.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi iye ọjọ́ kìíní wé ti ọjọ́ kẹta. Bí ó bá ṣì ń lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ kò tíì gbàgbé pé àlejò wà. Ẹ fi ọjọ́ kún un.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ gbogbo ohun mìíràn tí ó lè fa àbájáde kan náà sílẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò jù, òun sì ni èmi kà sí pàtàkì jù lọ. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ sì ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ràn ètò yín rárá.

Ẹ kọ́kọ́ ro ìṣẹ̀lẹ̀ tó ń ti ìta wá. Ká ní ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ètò ìfọwọ́ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2014, tí ó sì padà lọ kà ní oṣù kọkànlá. Ní ogúnjọ́ oṣù keje, àrùn Ebola wọ Èkó. Ó mú ènìyàn 20 ní Nàìjíríà, 8 kú nínú wọn, ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ni a sì tó kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ báńkì, ọ́fíìsì àti ilé ìjọsìn ló gbé omi àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà, ìbẹ̀rù sì kọ́ àwọn ènìyàn ní ohun tí orin kò lè kọ́ wọn. Ẹni tí ó kà ṣáájú tí ó sì kà lẹ́yìn yóò gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe. Ohun kan náà ni ìbá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, nígbà tí Kòrónà dé.

Èkejì fara sin jù. Bí ẹ bá wọn ọgbọ̀n ilé-ẹ̀kọ́, tí ẹ sì mú mẹ́wàá tí iye wọn kéré jù láti ràn wọ́n lọ́wọ́, díẹ̀ nínú wọn wà nísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà nítorí pé omi tán tàbí nítorí pé tísà tó ń bójú tó ìmọ́tótó kò wá. Bí ẹ bá padà lọ wọ̀n wọ́n, iye wọn yóò gòkè díẹ̀ bí ẹ kò tilẹ̀ gbé ohunkóhun lọ. Àánú ni ó máa ń ti ènìyàn sínú àṣìṣe yìí, nítorí pé ó dà bí ohun tí ó tọ́ pé kí ẹni tí ó kù díẹ̀ káàtó kọ́kọ́ gbà.

Àwọn tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: omi máa ń pọ̀ nígbà òjò ju ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ, àwọn ọmọ ń dàgbà, olùwòye ń mọ iṣẹ́ sí i tàbí kí ó máa rẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọ tí kò fẹ́ràn ilé-ẹ̀kọ́ sì lè ti kúrò kí ẹ tó padà dé.

*Àyẹ̀wò:* Ní iwájú ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ kọ, ẹ kọ apá ìlànà yín tí yóò mú un. Bí iwájú ohun kan bá ṣófo, ẹ má tíì lọ sí ìgbésẹ̀ kẹrin pẹ̀lú ìdánilójú.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ jẹ́ kí ipò tí ẹ wà yan ìlànà fún yín

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè wọ̀nyí ní títẹ̀lé ara wọn, kí ẹ sì dúró níbi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

*Ṣé a lè ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò gba ètò?* Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má wá ohun mìíràn. Kèké kò mọ ọ̀gá tí ó ní ìtara, kò mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó súnmọ́ títì, nítorí náà ó ń pín ohun tí ẹ mọ̀ àti ohun tí ẹ kò mọ̀ sí ìhà méjèèjì láìṣe ojúsàájú. Ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ ṣẹ́ kèké lé lórí, ẹ má ṣe é lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwọn ọmọ inú ọgbà kan náà ń lo garawa kan náà, wọ́n sì ń wo ara wọn ṣe.

Ẹ̀rù tí àwọn aláṣẹ máa ń bà ni pé a ó fi nǹkan du àwọn kan. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ kejì gba tiwọn lẹ́yìn ìwọ̀n ìkẹyìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe nínú ìwádìí SuperAmma ní gúúsù Íńdíà, tí a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Abúlé 14 ni wọ́n lò, méje gba ètò ìfọwọ́, méje dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ní ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí ó yẹ ní àwọn abúlé tí ó gba ètò, àti ìdá 4 ní ìhà kejì. Nígbà tí ó pé oṣù mẹ́fà, ó di 37 sí 6. Wọ́n wá gbé ètò náà, ní kúkúrú, lọ fún àwọn tí ó dúró, nígbà tí ó sì pé oṣù méjìlá, ìhà méjèèjì wà ní 29. Ẹ wo bí ìlànà náà ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ìyàtọ̀ wà nígbà tí ètò wà ní ìhà kan, ìyàtọ̀ sì parẹ́ nígbà tí ìhà kejì gbà.

*Ṣé gbogbo wọn ni yóò gbà, ṣùgbọ́n a kò lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà?* Ẹ fi kèké tò wọ́n ní ipele-ipele, kí ilé-ẹ̀kọ́ mélòó kan máa wọlé ní sáà kọ̀ọ̀kan títí gbogbo wọn yóò fi gbà. Ní Gáḿbíà ni wọ́n ti lo irú ìtẹ̀léra yìí fún abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ láti 1986, nítorí pé abẹ́rẹ́ náà kò lè dé gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́jọ́ kan. Àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀ níbí. Èkíní ni pé a ń wọn àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nìkan. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ wọ̀n ní gbogbo sáà. Èkejì ni pé a ń gbàgbé àkókò nínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ àwọn sáà tí ó gbẹ̀yìn ni ètò ti pọ̀ jù, ohunkóhun tí ó bá sì ń yí padà fúnra rẹ̀ láàárín ọdún yóò wọ aṣọ ètò yín.

*Ṣé ẹgbẹ́ kan wà tí kò gbà, bí kò tilẹ̀ ṣe kèké ni a fi yàn án?* Ẹ wo bí ìhà kọ̀ọ̀kan ti yí padà, kí ẹ sì yọ èkejì kúrò nínú èkíní. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gba ètò kúrò ní 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí 45, tí ìhà kejì kúrò ní 22 lọ sí 35. Ẹni tí ó wo ìhà kan ṣoṣo yóò pariwo 25; ohun tí ó lè jẹ́ ti ètò ni 25 tí a yọ 13 kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn 12. Ìṣirò yìí dúró lórí pé ìhà méjèèjì ì bá jọ máa rìn bákan náà ká ní ètò kò sí. Bí ẹ bá ní àkọsílẹ̀ sáà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú, ẹ yà wọ́n sórí ìwé kan kí ẹ wò ó. Bí ìlà méjèèjì ti ń ya ara wọn sílẹ̀ kí ètò tó dé, ẹ wá ẹgbẹ́ mìíràn.

*Ṣé gbogbo wọn gbà á lọ́jọ́ kan náà?* Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ bí ìjọba bá pàṣẹ. Kò sí ẹgbẹ́ ìfiwéra mọ́, àfi kí ẹ fi àtẹ̀yìnwá wé ohun tó tẹ̀lé e. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo ṣe ń dífá ọrọọrún. Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣáájú àti ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn kò lè sọ fún yín bóyá iye náà ti ń gòkè tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ Cochrane tí ń ṣàkójọ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kì í gba èyí tí kò bá ní ìwọ̀n mẹ́ta ṣáájú àti mẹ́ta lẹ́yìn, ṣùgbọ́n mẹ́ta kéré. Bí ó bá jẹ́ ti èmi, n kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò tó méjìlá ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè wà nínú rẹ̀.

*Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ méjì-mẹ́ta, tàbí ọmọ kan ṣoṣo, ni ẹ ní?* Kò túmọ̀ sí pé ìwádìí kò ṣeé ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí wọn ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì mú ètò wọ èkíní ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èkejì ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ̀kẹta ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Bí ìwà bá yí padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kìkì nígbà tí ètò dé ibẹ̀, ó ṣòro kí a sọ pé òjò tàbí ìròyìn orí rédíò ni ó fà á. Ìlànà tí What Works Clearinghouse, àjọ Amẹ́ríkà tí ń yẹ ìwádìí lórí ẹ̀kọ́ wò, gbé jáde ní 2010 béèrè pé kí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní láti fara hàn ní ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n márùn-ún ó kéré tán ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ìwádìí náà tó lè yege láìkù síbì kan.

Fún ọmọ kan tí ń dìde kiri ní kíláàsì, ẹ lè wọn ìwà rẹ̀ láìsí ètò, kí ẹ mú ètò wọlé, kí ẹ mú un kúrò, kí ẹ sì tún dá a padà. Ẹ má ṣe lo èyí fún ohun tí a ti kọ́ tí kò ṣeé gbàgbé, bí ìwé kíkà. Bí ọmọ náà bá sì ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ má ṣe mú ohun tí ó dá a dúró kúrò nítorí ìwádìí.

*Ṣé kò sí ọ̀kankan nínú wọn?* Nígbà náà ni ẹ lè kà ṣáájú kí ẹ sì kà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀: ìdánwò kékeré láti mọ̀ bóyá garawa kò jò, bóyá a kì í jí ọṣẹ, àti bóyá tísà ń rí àyè. Ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà "fà" sínú ìròyìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ṣírò bóyá iye tí ẹ ní tó

Àwọn ènìyàn máa ń ka ọmọ nígbà tí ó yẹ kí wọ́n ka ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ inú ilé-ẹ̀kọ́ kan jọra ju àwọn ọmọ tí a ṣà kiri lọ, nítorí náà ọgbọ̀n nínú wọn kò fún wa ní ìmọ̀ ọgbọ̀n. Ẹ yọ 1 kúrò nínú iye ọmọ tí ẹ ó wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìwọ̀n ìjọra (nọ́mbà tí ń sọ bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ti jọra tó: 0 bí wọn kò bá jọra rárá, 1 bí wọ́n bá rí bákan náà) sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ sì fi 1 kún un. Bí ó bá jẹ́ ọmọ 30 tí ìwọ̀n ìjọra sì jẹ́ 0.05, ìdáhùn ni 2.45. Ẹ fi pín ọmọ 600 tí ẹ rí ní ogún ilé-ẹ̀kọ́: bí ọmọ 245 péré ni wọ́n ṣe wúlò. Ẹ lè fi ọmọ kún un títí, kò ní ràn yín lọ́wọ́ bí ẹni tí ó fi ilé-ẹ̀kọ́ kún un.

Iye ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ní ìsàlẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ọ̀nà 20 ni a lè gbà pín ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta-mẹ́ta. Ká ní ètò kò ṣe nǹkan kan, kèké nìkan ṣì lè kó gbogbo àwọn tí ó dára jù sí ìhà kan ní ìgbà 2 nínú 20. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀nà náà di 70, ewu náà sì di 2 nínú 70. Ẹni tí ó ní mẹ́fà péré, kí ó padà sí ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀ tí mo sọ lókè.

*Àyẹ̀wò:* Kí onímọ̀ ìṣirò yín kọ ìyàtọ̀ tí ó kéré jù tí ìwádìí náà lè rí sílẹ̀. Bí ìyàtọ̀ náà bá tóbi ju ohun tí ètò lè ṣe lọ, ẹ dín owó ètò kù kí ẹ fi kún ilé-ẹ̀kọ́, tàbí kí ẹ dúró di ọdún tí ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ṣẹ́ kèké ní gbangba, kí ẹ sì ti ìwé náà pa

Ẹ wọn ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ kí kèké tó wáyé, nítorí pé ọ̀gá tí ó bá ti mọ̀ pé òun kò rí gbà kì í fi tọkàntọkàn gba olùwòye mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sí ọ̀nà méjì, àwọn tí ó ní omi àti àwọn tí kò ní, kí ẹ sì ṣẹ́ kèké nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo àwọn ọ̀gá. Èso kèké náà kò ní àtúnṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ilé-ẹ̀kọ́ kan rọ́pò òmíràn, ohun tí ó ń bẹ̀ yín láti ṣe ni kí ẹ sọ ìwádìí náà nù.

Ní ọjọ́ kan náà, ẹ kọ àbájáde tí ẹ ó kà sí àkọ́kọ́, ọjọ́ tí ẹ ó wọ̀n ọ́n, àti bí ẹ ó ti ṣírò rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ìlera tí ẹ sì fi kèké pín in, ẹ lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Pan African Clinical Trials Registry, ibi tí a ń forúkọ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Áfíríkà, kí ẹnì kìíní tó wọ inú rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Kí ẹ tó gbé garawa kìíní kalẹ̀, ẹ kọ ìròyìn mẹ́ta tí ó kúrú, ọ̀kan fún bí ètò bá ṣiṣẹ́, ọ̀kan fún bí kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀kan fún bí kò bá yé wa. Ẹ mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ ẹni tí yóò pinnu lórí owó lọ, kí ẹ sì bi í ní ohun tí yóò ṣe lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìdáhùn rẹ̀ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní, nítorí pé kì í ṣe ìbéèrè tirẹ̀ ni ẹ kọ.